Àjò Kò Dùn Kí Onílé Má Relé, Ṣùgbọ́n Ibi Tí A Ń Gbé Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbò ẹgbẹ́ wa ní Port-Bouët

  

Àwa ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ ni ẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀ ní ọdún yìí. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá jẹ mọ́ ìsinmi, ibi tí à ń lọ nígbà ìsinmi, àti owó tí à ń ná síbẹ̀. Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló kan ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́. Ẹ ní sùúrù fún wa. Ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan àpò ẹgbẹ́, ó sì kan àwọn ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú wa rí. Ní ìparí ọdún kan, ọ̀kan nínú wa mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, lọ sílé ní Èjìgbò. Àwọn ọmọdé agbo ilé pagbo yí i ká, wọ́n ní kó sọ bí Abidjan ṣe rí fún àwọn. Wọ́n bi í nípa ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Yamoussoukro tí wọ́n ti rí nínú àwòrán. Wọ́n bi í bóyá ó ti rí erin rí, nítorí wọ́n gbọ́ pé eyín erin ni wọ́n fi sọ ilẹ̀ náà lórúkọ. Ọmọ náà ní òun kò mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni ọ̀nà ilé ìwé rẹ̀, ìsọ̀ ìyá rẹ̀ nínú ọjà, àti iná ńlá tó máa ń tàn lálẹ́ lórí ilé gíga tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú omi ní Port-Bouët wa níbí.

Nígbà tí wọ́n padà dé, olùkọ́ rẹ̀ ní kó sọ ohun tó rí ní Nàìjíríà fún gbogbo kíláàsì. Ọmọ náà tún dákẹ́. Agbo ilé baba rẹ̀, ibi ìnáwó ìgbéyàwó kan, àti ọkọ̀ tó gbé wọn lọ tó gbé wọn bọ̀ nìkan ló rí. Ọmọ tó ní ilẹ̀ méjì, kò rí ọ̀kan ròyìn nínú méjèèjì.

Nígbà tí baba ọmọ yìí sọ ìtàn náà fún wa, a kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kú lẹ́nu wa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà kò sàn ju ọmọ náà lọ. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ti lo ọgbọ̀n ọdún níbí, tí wọn kò tíì dé Yamoussoukro rí. Ọ̀nà méjì péré la mọ̀: ọ̀nà ọjà àti ọ̀nà ilé.

Ìdí Tó Fi Rí Bẹ́ẹ̀

A kò bá àwọn àgbà wa wí, nítorí wọ́n ní ìdí. Àwọn mìíràn nínú wọn wà ní Gánà ní Oṣù Kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ti kọ́lé fi ilé sílẹ̀, ẹni tó ní ọjà nílẹ̀ tà á ní iye tí wọ́n bá fún un. Nínú àwọn tó kúrò ní Gánà nígbà náà ni àwọn kan ti gba ìhín wá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wa pé ilé ni kí a máa kó èrè lọ. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbí ní 2002, tí rògbòdìyàn ìbò 2010 sì tún tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ wọn tún jọ òtítọ́ létí wa. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé bí ọdún bá ti ń parí lọ, gbogbo owó wa àti gbogbo ọkàn wa, ilé ló ń lọ.

Àwa náà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má relé. Àjò kò dùn kí onílé má relé. Ẹni tí òbí rẹ̀ ṣì wà láyé, kó lọ wò wọ́n. Ẹni tí àwọn ẹbí ń retí fún ọ̀rọ̀ pàtàkì, kó lọ jókòó tì wọ́n. Ohun tí à ń sọ ni pé kí a wo bí a ṣe ń lọ àti ohun tí à ń ná, kí a sì tún wo ilẹ̀ tí a fẹsẹ̀ tẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọ̀nà Tí Owó Ń Gbà Lọ

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ láìtan ara wa jẹ. Láti Abidjan sí Èkó lé ní 1,000 kìlómítà, kí a tó wá gbéra láti Èkó lọ sí ìlú oníkálukú. Ẹnubodè mẹ́rin ni à ń là kọjá: ti Noé bọ́ sí Gánà, ti Aflao bọ́ sí Lomé, ti Hilla-Condji bọ́ sí Benin, àti ti Sèmè bọ́ sí Nàìjíríà. Òótọ́ ni pé àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i láti 1979 pé kí ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba físà. Síbẹ̀, gbogbo wa la mọ owó tí kò ní rìsíìtì tó máa ń bọ́ lọ́wọ́ wa lójú ọ̀nà.

Owó ọkọ̀ máa ń gbówó lórí nígbà ọdún, nítorí gbogbo ènìyàn ló fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn owó ọkọ̀ ni ẹ̀bùn kan. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ti Abidjan dé lọ́wọ́ òfo. Lẹ́yìn ẹ̀bùn ni aṣọ ẹbí kan, lẹ́yìn aṣọ ẹbí ni owó tí a ó ná sórí olórin àti sórí àwọn tó ń jó. Nígbà tí a bá fi máa padà dé Port-Bouët ní Oṣù Kínní, ìsọ̀ ti gbẹ.

Àwa ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ la mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Oṣù Kínní àti Oṣù Kejì ni àwọn tó ń wá bá wa fún owó máa ń pọ̀ jù. Ìyá kan tó ń ta abọ́ àti ìkòkò wá bá wa ní ọdún kan. Ó ti gba owó àjọ rẹ̀ kó tó lọ sílé, ó sì tún yá owó lé e. Kì í ṣe owó ọkọ̀ ló bà á jẹ́. Aṣọ ẹbí mẹ́ta ni wọ́n pín fún un kó tó dé ilé, ojú sì tì í láti sọ pé òun kò lè ra ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tó padà dé, kò sí ọjà tó máa tà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó yẹ kó ṣe ìdánwò ní ọdún náà, àpò ẹgbẹ́ la ti yọ owó ìwé rẹ̀. Ìyá náà sunkún níwájú wa, ó ní, “Ẹ̀yin àbúrò mi, ọdún mẹ́rin ni mo fi kó ọjà yẹn jọ, ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi jẹ ẹ́ tán.”

Àwọn àgbà ní ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣapọ́n. Ìnáwó tó bá mú ọjà kúrò nínú ìsọ̀ kì í ṣe ìgbafẹ́ mọ́.

Ohun Tí Àwọn Onílẹ̀ Ń Ṣe

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí a jọ ń gbé. Àwọn Baoulé náà ní ìrìn-àjò ilé tiwọn. Nígbà Àjíǹde ni, wọ́n sì ń pè é ní Paquinou. Bí Àjíǹde bá ti ń súnmọ́, ibùdó ọkọ̀ Adjamé á kún, owó ọkọ̀ tiwọn náà á gbówó lórí, gbogbo wọn á sì dorí kọ abúlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń lọ ṣe níbẹ̀. Wọ́n ń parí ìjà láàárín ẹbí. Wọ́n ń ṣèpàdé lórí ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti omi abúlé, wọ́n sì ń dá owó fún un. Wọ́n ń mú àwọn ọmọ tí a bí sí Abidjan mọ orírun wọn. A kò sọ pé wọn kì í ṣe fàájì. Fàájì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ojú rí náà wà níbẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n tún ní ìrìn kékeré. Bí ọjọ́ Àìkú bá mọ́, ẹ ó rí ìdílé tó gbé kúlà àti oúnjẹ sínú ọkọ̀, tí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà wa níbí kọjá, láti Gonzagueville lọ sí Grand-Bassam. Ní ìparí Oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá, àwọn N'zima á ṣe ọdún Abissa ní Bassam, ọ̀pọ̀ ará Abidjan á sì lọ wò ó. Ẹni tó lówó á sùn sí òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí kò ní, á gbé attiéké àti ẹja rẹ̀ dání láti ilé, á sì padà nírọ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì ló rí òkun kan náà.

Ní Faransé, ní 1936, òfin jáde pé kí òṣìṣẹ́ máa gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀. Ìjọba sì tún dín owó ọkọ̀ ojú irin kù fún wọn ní ìdá 40 nínú 100. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ ní ọdún náà kò ní owó òtẹ́ẹ̀lì. Kẹ̀kẹ́ ni àwọn mìíràn gùn, inú àgọ́ ni wọ́n sùn. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò tíì rí òkun rí láyé wọn ti rí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ti olówó nìkan ni ìgbafẹ́.

Ohun Tí Ọdún Méjì Kan Kọ́ Wa

Ẹ rántí 2020. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, wọ́n ti ẹnubodè ilẹ̀ ní Oṣù Kẹta. Ti Gánà kò ṣí títí di Oṣù Kẹta 2022. Ọkọ̀ tó ń gbé wa relé kò rìn bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò sì lówó bàálù jókòó síbí. Inú wa bàjẹ́ nígbà náà. Àwọn kan pàdánù òbí wọn láìlè lọ sìnkú, Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ìsinmi náà, ìdílé mélòó kan nínú wa para pọ̀, wọ́n sè ìrẹsì, wọ́n dín ẹran, wọ́n wọ gbàkà lọ sí Bassam. Láti Port-Bouët, kò tó 40 kìlómítà. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ti rí ilé àtijọ́ àwọn aláṣẹ Faransé, nítorí Bassam ni olú-ìlú àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n dá Côte d'Ivoire sílẹ̀ ní 1893. Ibà pọ́njú pa ènìyàn púpọ̀ níbẹ̀ ní 1899, wọ́n sì gbé olú-ìlú lọ sí Bingerville ní 1900, kó tó wá dé Abidjan ní 1934. Wọ́n gbọ́ nípa àwọn obìnrin tó gbéra láti Abidjan ní Oṣù Kejìlá 1949, tí wọ́n lọ sí ẹ̀wọ̀n Bassam láti béèrè pé kí ìjọba amúnisìn tú àwọn olóṣèlú tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀. Àjọ UNESCO ti kọ ìlú náà sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé láti 2012. Gbogbo owó tí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà kan ná lọ́jọ́ náà, kò tó owó aṣọ ẹbí kan. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Ìgbà kejì ni ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n gbá níbí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Nígbà tí Nàìjíríà fẹ́ pàdé Gúúsù Áfíríkà ní Bouaké ní 7 Oṣù Kejì, àwọn kan nínú wa wọ ọkọ̀ lọ. Wọ́n gba ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ṣe dé Yamoussoukro ní 2013. Àwọn tí kò kọjá Adjamé rí dé àárín gbùngbùn ilẹ̀ yìí, wọ́n sì padà wá ròyìn rẹ̀ fún wa. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní pápá Ebimpé, Côte d'Ivoire fi góòlù 2 sí 1 gba ife náà lọ́wọ́ Nàìjíríà. Ẹ rántí alẹ́ ọjọ́ náà. Nínú ilé kan náà, baba fajúro, ọmọ ń jó. Àwọn bàbá kan bínú sí ọmọ wọn. Ẹ má bínú sí wọn. Ibi tí wọ́n bí ọmọ sí, ilẹ̀ rẹ̀ ni. Bí a kò bá ràn án lọ́wọ́ láti mọ ilẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan ni yóò jù sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ tiwa ni yóò jù sílẹ̀.

Ohun Tí A Fi Síwájú Yín

Ohun mẹ́rin ni ìgbìmọ̀ wa ń bẹ̀ yín pé kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

Èkínní, kí a dá àjọ ìrìn-àjò sílẹ̀, kí ó yàtọ̀ sí àjọ ọjà. Ẹni tó bá ń fi 1,000 fráǹkì pamọ́ lọ́sẹ̀, ní ìparí ọdún yóò ní 52,000 fráǹkì. Ẹni tí agbára rẹ̀ jẹ́ 500, yóò ní 26,000. Ohun tó bá wà nínú àjọ yìí ni kí a fi rìn. Bí kò bá tó fún Nàìjíríà ní ọdún yìí, ó lè tó fún Bassam tàbí Yamoussoukro, kí a sì jẹ́ kí ti ilé di ọdún tó ń bọ̀. Owó ọjà kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀.

Èkejì, kì í ṣe dandan kí gbogbo wa relé ní Oṣù Kejìlá. Ìsinmi gígùn àwọn ọmọ ilé ìwé wà láàárín ọdún, kí wọ́n tó wọlé padà ní Oṣù Kẹsàn-án. Lásìkò náà, èrò kì í pọ̀ lójú ọ̀nà tó ti ìgbà ọdún, ayẹyẹ sì dínkù. Èèyàn á ráyè bá bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí a bá relé, kí a mú àwọn ọmọ jáde kúrò nínú agbo ilé. Láti Èjìgbò, Òṣogbo kò jìnnà. Igbó Ọ̀ṣun tó wà níbẹ̀, UNESCO ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 2005, inú Oṣù Kẹjọ sì ni ọdún Ọ̀ṣun máa ń bọ́ sí. Omi tó ń ṣàn wálẹ̀ láti orí òkè wà ní Erin-Ìjẹ̀ṣà. Omi gbígbóná àti omi tútù pàdé ara wọn ní Ìkọ́gòsì. Òkè Olúmọ wà ní Abẹ́òkúta, òkè Ìdànrè sì wà ní Oǹdó. Owó aṣọ ẹbí kan ṣoṣo lè gbé odindi ìdílé dé ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ wa máa ṣètò ìrìn kan lọ́dún nínú ilẹ̀ yìí. Ká rìn, ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni. A lè bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí: igbó Banco tó wà nínú Abidjan níbí gan-an, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwọ̀ ọ́, tàbí Jacqueville, tí ọkọ̀ ń gba orí afárá dé láti 2015. Lẹ́yìn náà ni Yamoussoukro, níbi tí Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì ti ya ṣọ́ọ̀ṣì ńlá náà sí mímọ́ ní Oṣù Kẹsàn-án 1990. Àwọn Mùsùlùmí wa náà ní tiwọn lápá àríwá: mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ ní Kong jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́jọ tí UNESCO kọ sínú ìwé ní 2021. Bí agbára bá dé, a ó dé Man, níbi tí òkè àti omi tó ń já láti òkè wà.

Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ o. Òkun ẹ̀gbẹ́ wa níbí, láti Port-Bouët dé Bassam, agbára rẹ̀ pọ̀. Kí ọmọ má wọ inú rẹ̀ láìsí àgbà, kí àgbà náà má sì ṣe gbójú lé òmùwẹ̀. Kí gbogbo wa mú ìwé ìdánimọ̀ dání, kí á má ṣe di ẹni tí wọ́n ń dá dúró lójú ọ̀nà. A kò sì gbàgbé 13 Oṣù Kẹta 2016, nígbà tí àwọn apániláyà yìnbọn pa ènìyàn ní etí òkun Bassam. Ìlú náà dìde padà, àwọn ènìyàn sì ń lọ. Ìṣọ́ra yẹ wá, ìbẹ̀rù kò yẹ wá.

Àwọn kan á ní, “Ṣé òyìnbó ni wá tí a ó máa náwó láti lọ wo òkè?” Ẹ dárí jì wá, ìdáhùn wa kò gùn. Ìran Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rìn. Bí kì í bá ṣe ìrìn, a kì bá ti dé Port-Bouët. Àwọn tó kọ́kọ́ dé ibí rin ilẹ̀ yìí kiri pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n mọ abúlé ju bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Àwa ni a jókòó sójú kan.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọmọ ọdún mọ́kànlá tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ti dé Bassam báyìí. Baba rẹ̀ sọ fún wa pé ọmọ náà ti kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọdé agbo ilé ní Èjìgbò, ó sọ ohun tó rí fún wọn, ó sì bi wọ́n pé ta ni yóò mú òun lọ sí igbó Ọ̀ṣun bí òun bá dé. Ó wù wá kí gbogbo ọmọ wa lè kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kí ìsọ̀ ìyá wọn má sì gbẹ nítorí rẹ̀.

A ó máa lọ, a ó máa bọ̀. Ọ̀nà kò ní nà wá. A kò ní fi ayọ̀ lọ kí a fi gbèsè bọ̀. Ilé kò ní gbàgbé wa, ilẹ̀ tí a ń gbé kò sì ní lé wa.